Bí a ṣe ń lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ ẹni ní ìlú òkè

Bí ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó bá sọ pé ìlú àwọn ní Òkè-Ògùn ni ìgbéyàwó òun ti máa wáyé, ẹ má ṣe múra bí ẹni tó ń lọ sí gbọ̀ngàn ayẹyẹ n'Íkẹjà. Ní gbọ̀ngàn, ẹ lè dé ní aago méjìlá, kí ẹ jẹun, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì máa lọ. Ní ìlú òkè, ìgbéyàwó ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ta kánópì rárá. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo fẹ́ gbà yín ni pé kí ẹ ti dé ní ọjọ́ tó ṣáájú.

1. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa

Ṣé ìdána nìkan ni, àbí yìgì tàbí ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì máa tẹ̀ lé e? Ilé àwọn òbí ìyàwó ni ìdána ti máa ń wáyé, torí náà bí ọkọ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, àlejò ni gbogbo yín níbẹ̀, tòun tẹbí rẹ̀. Ẹ béèrè aṣọ ẹbí ti ìhà tí ẹ wà, nítorí àwọ̀ ìhà kan kì í sábà bá ti èkejì mu. Ẹ tètè san owó rẹ̀, kí télọ̀ má baà dá yín dúró títí di alẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa gbéra. Ẹ̀yin ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ, ẹ jẹ́ kí ṣòkòtò yín fẹ̀ díẹ̀: ẹ máa dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ yín, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

2. Ẹ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì

Láti Èkó, ẹ lè gba Ìbàdàn, kí ẹ yà ní Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn; ẹ sì lè gba Abẹ́òkúta kọjá Ìbàràpá. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ ríi pé ilẹ̀ ò ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín léèrè ibi tí ẹ máa sùn. Ilé ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò ni wọ́n sábà máa ń fi àlejò wọ̀ sí, nítorí náà ẹ mú aṣọ ìbora, tọ́ọ̀ṣì, òògùn ẹ̀fọn, sálúbàtà àti oògùn tí ẹ bá ń lò dání. Ẹ ṣẹ́ owó kí ẹ tó kúrò l'Ékòó. Lọ́jọ́ ìnáwó, owó ọwọ́ oní-POS ìlú kékeré máa ń tètè tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè lọ nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù lọ.

Ẹ ra búrẹ́dì dání fún àwọn àgbà ilé. Ẹni tó bá ti Èkó dé kì í wọlé lọ́wọ́ òfo.

3. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì gan-an ni ìgbéyàwó

Kí ẹ tó wá ọ̀rẹ́ yín, ẹ wá bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ẹ ó sì ní, “Ẹ kú ìnáwó o. Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ wọ́n.” Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín mú yín kí àwọn àgbà tó kù nínú agbo ilé lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá bá ẹnì kan nídìí oúnjẹ, tó ní “Ẹ wá jẹun,” tí ẹ kò sì fẹ́ jẹ, ẹ ṣáà dáhùn pé, “Á gba ibi ire o.”

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bọ́ aṣọ ìrìnàjò, kí ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ iṣu, tí wọ́n ń ja ewédú, tí wọ́n ń gé ẹran, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pọnmi. Ẹ wá iṣẹ́ kan ṣe. Wọ́n lè kọ́kọ́ ní kí ẹ jókòó nítorí pé ẹ jẹ́ àlejò, ṣùgbọ́n ẹ tún bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Nídìí iṣẹ́ yìí ni ẹ ti máa gbọ́ irú ọmọ tí ọ̀rẹ́ yín jẹ́ nígbà èwe rẹ̀, kò sì sí kánópì tí ẹ ti lè gbọ́ ọ.

Ní agbègbè Ìsẹ́yìn àti káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyàwó a máa sun ẹkún tàbí rárà ìyàwó kó tó lọ ilé ọkọ: á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, á sì máa tọrọ ìwúre. Àṣà náà kò wọ́pọ̀ mọ́. Bí ẹ bá ṣe oríire tí wọ́n ṣe é níṣojú yín, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ná, kí ẹ fetí sílẹ̀. Inú mi máa ń bà jẹ́ bí mo bá rí i tí àwọn àlejò ń ta ara wọn nù nítorí fídíò nígbà tí omijé wà lójú ọmọ ẹni ẹlẹ́ni.

4. Ọjọ́ Sátidé

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń ta kánópì sí, nítorí náà bàtà gogoro á rì, pàápàá lásìkò òjò. Bàtà pẹlẹbẹ ló dáa.

Ẹ tètè jókòó kí alága ìdúró àti alága ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀. Alága ìdúró ló ń ṣojú ìdílé ọkọ, ìjókòó ń ṣojú ìdílé ìyàwó. Wọ́n á máa fi orin àti àwàdà gba owó díẹ̀díẹ̀, nítorí náà owó wẹ́wẹ́ yín á wúlò. Ẹ gbe orin, ẹ dáhùn àdúrà sí obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dá owó orí padà pé ọmọ làwọn fún yín, àwọn ò tà á, ẹ dìde, kí ẹ dúpẹ́ pẹ̀lú ìdílé ọkọ.

Ní ti fífi owó lẹ orí, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó ti sọ ẹnìkan sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ẹ fi ti tọkọtaya sínú àpòòwé. Bí onígángan bá ki yín, ẹ fi tirẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Oúnjẹ: bí wọ́n bá gbé àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú síwájú yín, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa. Ẹ má béèrè ẹ̀bùn ìrántí kí àwọn àgbà tó rí tiwọn gbà.

5. Ẹ dágbére

Ẹ sùn di ọjọ́ Àìkú bí iṣẹ́ bá gbà yín láyè. Láàárọ̀, ẹ lọ bá bàbá àti ìyá, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní m'ẹní. Wọ́n lè fún yín ní iṣu tàbí èlùbọ́. Ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ má sì gbé owó jáde láti san án. Bí ẹ bá ti dé Èkó, ẹ pe ilé náà kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́, nítorí àwọn àgbà kì í pẹ́ sùn, wọn ò sì ní fọkàn balẹ̀ títí wọ́n á fi gbọ́ pé ẹ ti dé.