Bí mo ṣe jí kọ̀ǹpútà tí upgrade já sí lọ́wọ́ dìde, láì fọ́máàtì rẹ̀

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ilé àwọn atẹ̀wé ni. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé orin ìjọ, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ máa ń bá lórí àga nílé ìnáwó ní Èkó, ibẹ̀ ló ti ń jáde. Ìyá Ìbejì ní ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀. Òun ló máa ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé kí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo sì ni gbogbo rẹ̀ wà. Tòkunbọ̀ orí tábìlì ni, Computer Village n'Ìkẹjà ni wọ́n ti rà á. Kò ní TPM 2.0, ẹ̀yà ara ààbò tí Windows 11 ń béèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi bá wọn gbé Ubuntu 22.04 sí i, irú Linux kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe. Ohun tó tún jẹ́ kí n yan Ubuntu ni kíbọ́ọ̀dù: ti Yorùbá wà nínú rẹ̀ láti ilẹ̀, kò sí owó tí èèyàn ń san lé e. Ẹni tó ń to ìwé orin Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́ ò gbọdọ̀ máa wá ibi tí yóò ti rí ẹ àti ṣ kiri.

Ọmọ iṣẹ́ wọn ló bẹ̀rẹ̀ upgrade, ìyẹn ìgbésókè sí Ubuntu tuntun, 24.04. Gbogbo package, ìyẹn àwọn ìdì fáìlì tí Ubuntu fi ń gbé ètò wọlé, ti wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ ti ń tò wọ́n síbi tó yẹ, ni wọ́n bá mú iná lọ. Bátìrì UPS tó wà lábẹ́ tábìlì ti gbó, kò dúró dè wọ́n kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí iná padà dé, ẹ̀rọ ò wọlé mọ́. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà funfun ló kún ibẹ̀, ìlà kan sì wà nínú wọn:

Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)

Wọ́n pe ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní kí wọ́n jẹ́ kóun fọ́máàtì ẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìbejì pè mí.

"Àbúrò mi, wọ́n ní kí n gbàgbé gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìwé orin ìjọ tí mò ń tò láti ọjọ́ yìí ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ yọ wáyà ẹ̀ kúrò lára iná, mò ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ fọ́máàtì yìí máa ń dùn mí gan-an. Ó ti di oògùn gbogboǹṣe lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílẹ̀ wa. Ẹ̀rọ ń fà, fọ́máàtì. Ẹ̀rọ ò wọlé, fọ́máàtì. Kì í gba òye, kì í sì í ṣe ẹni tó sọ ọ́ ni yóò jókòó tún orin ọgọ́rọ̀ọ̀rún tẹ̀ lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ka ìlà yẹn.

Nígbà tí Linux bá ń dìde, kernel, tó jẹ́ ọkàn rẹ̀, ló ń kọ́kọ́ jí. Àmọ́ kernel nìkan kì í sábà dá ọ̀nà díìsìkì mọ̀. Fáìlì kan wà tó ń jẹ́ initramfs, inú rẹ̀ ni irinṣẹ́ tí kernel máa fi rí díìsìkì wà. Bí upgrade bá gbé kernel tuntun wá, yóò kọ́kọ́ gbé e sínú /boot, lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣe initramfs tirẹ̀. Agbedeméjì iṣẹ́ méjèèjì yìí niná lọ. Nítorí náà, ohun tí unknown-block(0,0) ń sọ níbí ni pé kernel jí, ó wò yíká, kò rí díìsìkì kankan. Kò sọ pé díìsìkì ti bàjẹ́. Kò sọ pé fáìlì ẹnikẹ́ni ti parẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nígbà tí mo débẹ̀ ni pé mo wá kernel àtijọ́, torí upgrade kì í yọ ọ́ kúrò kí iṣẹ́ tó parí. Mo tan ẹ̀rọ, bí àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe kúrò lójú rẹ̀ ni mo tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan. (Lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò ní UEFI, ètò tí ẹ̀rọ òde òní fi ń dìde, Shift lẹ máa dì mú.) Ẹ má tẹ Esc léraléra, torí yóò gbé yín já sí ibi tí wọ́n kọ grub> sí, láìsí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ normal, kí ẹ sì tẹ Enter, yóò gbé yín padà. Nínú àkójọ tó jáde, mo wọ Advanced options for Ubuntu, mo mú kernel tó wà nísàlẹ̀ ti tuntun. Ó kọjá ibi tó ti ń kú sí, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ páswọ́ọ̀dù. Ó kàn dúró sójú dúdú. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, àwọn package kan ti di tuntun, àwọn kan ṣì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, wọn ò lè gbọ́ra wọn yé. Ọkàn mi ti balẹ̀ nípa díìsìkì ní tiẹ̀, nítorí kernel àtijọ́ rí i, ó sì kà á.

Mo ní fláàṣì kan tí Ubuntu 24.04 wà lórí rẹ̀. Mo fi í dìde, mo sì yan Try Ubuntu, kì í ṣe Install. Ẹ fojú sí ibẹ̀ dáadáa, torí pé Install lè pa ohun tí ẹ ń wá gbà là rẹ́. Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo ní ká wá iná tí kò ní já wa sílẹ̀. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tó kàn án ní inverter, ó gbà ká fa wáyà látọ̀dọ̀ rẹ̀, Ọlọ́run á bù kún un. N kì í tún ẹ̀rọ tí iná pa lẹ́nu iṣẹ́ ṣe lórí iná kan náà.

Mo ṣí Disks, mo wo SMART, ìyẹn ìròyìn tí díìsìkì ń sọ nípa ìlera ara rẹ̀, ó ní díìsìkì ṣì dára. Mo so díìsìkì ìta mọ́ ọn, mo sì kó gbogbo ohun tó wà ní home jáde, títí kan àwọn fódà tó fara pa mọ́, nítorí inú .local/share/fonts ni Ìyá Ìbejì kó àwọn fọ́ǹtì tó rà sí. Nígbà tó parí, mo so díìsìkì ìta náà mọ́ láàpútọ́ọ̀pù mi, mo ṣí ìwé orin náà nínú Scribus, ètò tí wọ́n fi ń to ojú ìwé. Mo yí i láti ojú ewé kan sí òmíràn, gbogbo rẹ̀ pé. Ìyá Ìbejì dúró sẹ́yìn mi, wọ́n ní kí n padà sí orin kan, wọ́n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n wá fà àga, wọ́n jókòó. Àtìgbà tí mo ti dé ni wọ́n ti wà lórí ìró.

Bó bá jẹ́ Windows ló wà lórí tiyín, fláàṣì Ubuntu yìí kan náà lè bá yín kó fáìlì jáde, àyàfi tí BitLocker, àgádágodo Windows, bá ti ti díìsìkì náà pa. Nígbà náà, kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 lẹ máa wá, inú àkáǹtì Microsoft ẹni tó ni ẹ̀rọ ló sábà máa ń wà.

Iṣẹ́ gan-an wá kù. Lórí terminal, ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ, lsblk -f fi hàn mí pé sda2 ni Ubuntu wà, sda1 sì ni ìpín EFI, ìpín díìsìkì tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Tiyín lè yàtọ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó tẹ tèmi yìí:

sudo mount /dev/sda2 /mnt
sudo mount /dev/sda1 /mnt/boot/efi
for d in dev dev/pts proc sys run; do sudo mount --bind /$d /mnt/$d; done
sudo chroot /mnt

Àṣẹ tó kẹ́yìn yẹn ló gbé mi kúrò nínú Ubuntu orí fláàṣì wọ inú èyí tó wà lórí díìsìkì. Láti ibẹ̀ lọ, ohun tí mo bá tẹ̀, ara ẹ̀rọ Ìyá Ìbejì gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ má fo run nínú àkójọ yẹn o, òun ni kò ní jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì sọnù mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹ bá ti wọlé tán. Mo wo /boot. Fáìlì vmlinuz, tó jẹ́ kernel tuntun fúnra rẹ̀, wà níbẹ̀, initrd tirẹ̀, ìyẹn initramfs, kò sí. Ti kernel àtijọ́ pé méjèèjì. Bí mo ṣe rò ó náà ló rí.

Mo tẹ dpkg --configure -a (dpkg ló ń to package síbi tó yẹ) kó lè parí àwọn package tó ti tú sílẹ̀ tí kò tíì tò. Ó ṣe díẹ̀, ó dúró, ó ní "unrecoverable fatal error", pé fáìlì tó ní àkójọ fonts-sil-charis, package fọ́ǹtì kan, kò ní ìlà ìparí. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ̀rètí nù, nítorí ọ̀rọ̀ náà le létí. Àmọ́ fáìlì kékeré kan ni, ẹ̀rọ ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, kò sì kọ ọ́ tán. Fáìlì kan ṣoṣo yìí ló ń dá gbogbo ìyókù dúró. Mo gbé e kúrò lọ́nà:

mv /var/lib/dpkg/info/fonts-sil-charis.list /root/

Mo tún dpkg --configure -a tẹ̀. Ó kìlọ̀ pé òun ò rí àkójọ yẹn mọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Bó bá béèrè bóyá kó fi fáìlì ètò tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, mo ń tẹ Enter kó fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ó tún ń kọ "Running in chroot, ignoring" lemọ́lemọ́. Ìyẹn ò ní wàhálà kankan nínú.

Àṣẹ apt --fix-broken install ló tẹ̀ lé e (apt ló ń wá package wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì), lẹ́yìn rẹ̀ apt full-upgrade. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ owó ni. Àwọn kan á ní kí ẹ kọ́kọ́ tẹ apt clean. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Upgrade Ubuntu máa ń wa gbogbo package sílẹ̀ pátápátá sínú /var/cache/apt/archives kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. Gbogbo dátà tí Ìyá Ìbejì ti fowó rà sí i ṣì wà níbẹ̀. Apt kàn ń mú un níbẹ̀ ni, ìwọ̀nba díẹ̀ tó ti ní èyí tó tuntun jù ló lọ wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá tẹ apt clean yóò tún gbogbo rẹ̀ rà. Àfi tí df -h bá sọ fún yín pé díìsìkì ti kún dẹ́nu, nígbà náà ni ẹ tó lè rò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo tún fọ́ǹtì tó dá wa dúró gbé wọlé pẹ̀lú apt install --reinstall fonts-sil-charis, kí àkójọ rẹ̀ lè padà pé. Ìyá Ìbejì nílò rẹ̀ gan-an, torí Charis wà lára àwọn fọ́ǹtì díẹ̀ tí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ti ń jókòó sójú kan náà láì forí gbárí. Mo wá tẹ àwọn àṣẹ méjì tí gbogbo ìrìn àjò yìí dá lé:

update-initramfs -c -k all
update-grub

Bí update-grub ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ń ka ìlà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Found linux image, Found initrd image, ti kernel tuntun. Found linux image, Found initrd image, ti àtijọ́. Méjì méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ jáde. Bí ẹ bá rí linux image tí initrd image rẹ̀ kò tẹ̀ lé e, ẹ má tíì tún ẹ̀rọ tàn, ẹ padà lọ wò ó.

Mo tẹ exit, mo pa á, mo yọ fláàṣì, mo tan án. Ó wọlé. Àṣẹ lsb_release -d kọ 24.04, dpkg --audit ò sì sọ nǹkan kan, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì ni ìdáhùn rere níbẹ̀. Mo ní kí Ìyá Ìbejì wá tẹ nǹkan. Wọ́n tẹ "Ọlọ́run ọ̀ṣọ́ ọ̀run", wọ́n yí i sí lẹ́tà ńlá, wọ́n yí i padà, àmì ò ṣí kúrò níbì kankan.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ni kò kọ́kọ́ dáhùn. Upgrade máa ń ti ọ̀nà gbogbo package tí kì í ṣe ti Ubuntu fúnra rẹ̀ pa, ibẹ̀ sì ni dírááfà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn ti wá. Mo ṣí Software & Updates, mo wọ Other Software, mo dá a padà pẹ̀lú orúkọ 24.04, mo tún dírááfà gbé wọlé, ojú ewé àkọ́kọ́ sì jáde.

Wọ́n ti ra bátìrì tuntun sí UPS báyìí, 12V 7Ah, òun ló bá irú UPS kékeré yẹn mu. Díìsìkì ìta yẹn ń gbé ilé Ìyá Ìbejì, kì í sùn sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ wọn sì máa ń kó iṣẹ́ sínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n bi mí bóyá wọ́n tún máa ṣe upgrade mìíràn láìpẹ́. Mo ní rárá mà, 24.04 á máa gba àtúnṣe ààbò títí di 2029, ẹ jẹ́ kí ìwé orin yín kọ́kọ́ jáde.