Ìrírí mi: bí a ṣe pín sàká fún àwọn opó àti ọmọ òrukàn àdúgbò wa n'Íbàdàn

Nígbà tí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí wa fi mí ṣe akọ̀wé sàká, ìyẹn owó dandan tí Mùsùlùmí tó rí jájẹ ń yọ lọ́dọọdún, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n wá àwọn opó àti ọmọ òrukàn tí nǹkan kò rọgbọ fún ní àdúgbò, kí n ṣe ìwádìí ipò tí oníkálukú wọn wà, kí n sì rí i pé owó náà dé ọwọ́ wọn lọ́nà tí yóò fi ṣe wọ́n láǹfààní. Mo kọ bí a ṣe ṣe é sílẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ mọ́sálásí ló ń kó sàká jọ báyìí, tí àwọn tí yóò pín in kò sì rí ẹni bi léèrè.

Ti owó kíkójọ kò le. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó iye 85 gíráàmù wúrà, tí ọdún òṣùpá kan sì ti yípo lé e lórí, ni sàká di dandan fún, ìdá kan nínú 40 ni yóò sì yọ. Ẹni tó ní mílíọ̀nù kan náírà lé ohun tí a wí yìí yóò tún fi 25,000 kún ti rẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta wúrà lọ́jọ́ ìṣirò ni a lò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀ ni ti àwọn tó tọ́ sí. Irú ènìyàn 8 ni Kùránì kà ní orí 9 ẹsẹ 60, àwọn tálákà àti aláìní ló sì ṣíwájú. Kò dárúkọ opó níbẹ̀, kò sì dárúkọ ọmọ òrukàn. Lèmọ́mù wa ṣàlàyé pé ikú ọkọ nìkan kò sọ obìnrin di ẹni sàká, àìní ni. Nítorí náà, opó tí ọkọ rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ fún, tí ó ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, kò sí nínú àwọn tí à ń wá. Àwọn kan bínú sí èyí, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìlànà náà tọ́, torí pé owó náà kò pọ̀ tó ohun tí a lè fi ṣe ojú àánú sí gbogbo ènìyàn.

A kò fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde. Àwọn alájọ ni mo kọ́kọ́ lọ bá, nítorí alájọ ló mọ obìnrin tó ń dá àjọ lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, tí kò sì lè dá a mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn wọn ni mo bi àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ àṣàlátù. Obìnrin méjì ló máa ń wọ ilé kọ̀ọ̀kan, a kì í sì í ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Ojú máa ń ti opó tí ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé bí àwòrán ìrẹsì ọwọ́ rẹ̀ bá ń kiri orí fóònù àwọn ará àdúgbò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo ń bi wọ́n ni pé ṣé wọ́n ti pín ogún. Nínú ẹ̀sìn wa, ìdá kan nínú 8 ni ti ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ bí ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú àṣà tiwa, yálà ìdí-igi ni wọ́n fi pín in, ìyẹn ní iye ìyàwó tó bímọ, tàbí orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye ọmọ, àwọn ọmọ ló ń jogún, ìyàwó kì í ní ìpín tirẹ̀. A bá ọ̀kan pàdé tí àbúrò ọkọ rẹ̀ ti gbé ọ̀kadà olóògbé lọ ní kété tí wọ́n sin òkú tán. Lèmọ́mù ránṣẹ́ pe ẹbí ọkọ, wọ́n jókòó, wọ́n ta ọ̀kadà náà, ìyá àti àwọn ọmọ sì gba ìpín wọn. Owó tó kàn wọ́n níbẹ̀ ju ohun tí à bá fún wọn lọ dáadáa.

Àwọn tí wọ́n ṣì ń ṣe opó, oúnjẹ la gbé lọ bá wọn nílé. Oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni wọ́n fi ń ṣe é, aláboyún a sì ṣe é títí yóò fi bímọ. Ní àdúgbò wa, wọn kì í jáde tajà nínú àkókò yẹn, nítorí náà owó ìṣòwò kò tíì wúlò fún wọn.

Ti àwọn tó ti parí opó ni a fara balẹ̀ sí jù. Obìnrin kan ń dín àkàrà. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta fún un. Mo lọ jókòó tì í ní ìdí àgbàdá láàárọ̀, mo sì bi í. Ó ní, “Àlàájà, ẹ̀rọ kọ́ ló dá mi dúró o. Ẹ̀wà ni. Àwìn ni mo ń gbà á, ní kóńgò-kóńgò.” Ẹni tó ń tà á láwìn ń fowó lé e, èrè rẹ̀ sì ń bá ibẹ̀ lọ. A bá a lọ sí ọjà Bódìjà, a ra àpò ẹ̀wà kan àti kẹ́ẹ̀gì òróró, a sì ra àwọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó ń dé pinpin tí yóò máa kó ẹ̀wà sí kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Ẹnì kan dábàá pé kí ó máa dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀ kí a lè fún ẹlòmíràn. Lèmọ́mù kò gbà: ẹni tó gba sàká ti ni ín.

Ní ti àwọn ọmọ, láti ọdún 2019 tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti fagi lé owó 3,000 náírà tí wọ́n ń san nílé ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, aṣọ, bàtà àti ìwé ló ń lé wọn sílé. Owó sàárà, ìyẹn ọrẹ àtinúwá tí kì í ṣe sàká, ni a fi ṣe ìyẹn, kí a lè san án fún aránṣọ àti òǹtàwé tààrà. A tún kó àwọn tí kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ sí ọ́fíìsì àjọ ìkànìyàn. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Láìsí ìwé yẹn, NIN a di wàhálà, JAMB kì í sì í forúkọ ọmọ sílẹ̀ láìsí NIN.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo ka iye tó wọlé, iye tó jáde àti iye tó ṣẹ́kù fún gbogbo ìjọ, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ Lèmọ́mù. Ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ ti àwọn tó ṣì wà nínú opó. Bí wọ́n bá ti jáde, a ó lọ bi wọ́n irú ọjà tí wọ́n fẹ́ tà.