Bí mo ṣe so ṣájà mọ́ báìkì mi tó ń jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn

Láti ìgbà tí rélùwéè Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹwàá 2024 ni báìkì mi ti di ẹrù ilé. Ọ̀yìngbò ni mò ń gbé, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kí ló kù tí màá tún máa bá dánfó du ọ̀nà sí ní Ìkòròdú Road, rélùwéè ni mò ń wọ̀ lọ tí mo fi ń bọ̀. Báìkì wá ń dá dúró sábẹ́ àtẹ̀gùn, tó bá di Sátidé tí mo fẹ́ gbé e jáde, mo tẹ bọ́tìnnì, ó dún tìkì tìkì tìkì, ó parí. Tèmi ò sì ní kíkì o, bọ́tìnnì nìkan ló ní, tó bá ti kọ̀ báyìí àfi kí n bẹ àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá bá mi tì í, wọ́n á sì gba owó mínírà.

Bátìrì yẹn ò tíì kú. Bátìrì olójèé, kó wà lójú kan lásán náà, agbára inú ẹ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀, tèmi tún wá ní trákà tó ń mu iná tọ̀sán-tòru. Tó bá wá pẹ́ nílẹ̀ láìní iná nínú, nǹkan funfun kan máa ń gan mọ́ àwọn òjé pẹlẹbẹ inú ẹ̀, tíyẹn bá ti le tán kò ní gba ṣájì mọ́. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, ó mú 11.9V. Èyí tó kún tó sì ti sinmi yẹ kó mú 12.6 lọ sókè.

Wọ́n ní kí n gbé e lọ bá àwọn tó ń ṣájì bátìrì mọ́tò létí títì. Mi ò lọ. 7Ah ni wọ́n kọ sára tèmi, ìyẹn bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó, iná tó yẹ kó máa wọ irú ẹ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́wàá nọ́ńbà yẹn, ìyẹn nǹkan bí 0.7A (A ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó), tó bá dé 1A náà a lè gbà á. Kí ẹnìkan wá lọ tú 10A lé e lórí, á gbóná, á wú. Ṣájà kékeré ni mo lọ rà ní Alábà, 1A, èyí tó jẹ́ pé tí bátìrì bá ti kún á fúnra ẹ̀ rẹ iná wálẹ̀ sí nǹkan bí 13.6V, á kàn máa tọ́jú ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà nìyí, torí NEPA wa. Àwọn ṣájà kan wà, tí iná bá lọ tó tún dé, wọ́n á kàn máa wò yín ni, àfi tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ara wọn kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe l'Ékòó? NEPA mú iná lọ láago méjì òru, ó gbé e dé láago mẹ́rin, ta ló fẹ́ jí lọ tẹ bọ́tìnnì? Níwájú ẹni tó ń tà á ni mo ti ní kó so ó mọ́ bátìrì, kó yọ ọ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó tún kì í bọ̀ ọ́. Èyí tó kọ́kọ́ gbé wá ò ta pútú, ó ní "ẹ̀gbọ́n, bákan náà ni gbogbo ẹ̀ o", mo ní kó ṣáà gbé òmíì wá.

Wáyà méjì ló bá ṣájà wá, ọ̀kan ní kílíìpù, ìkejì ní òrùka irin lẹ́nu. Kílíìpù ti wọ dúrọ́ọ̀ lọ ní tiẹ̀, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó lẹ máa ṣí síìtì. Olórùka, ẹ ó dè é mọ́ bátìrì, ẹ ó fi orí ẹ̀ sílẹ̀ síta, ó tán.

Mo pa kọ́kọ́rọ́, mo ṣí síìtì, mo wo àmì + àti − tó wà lára bátìrì fúnra ẹ̀. Ẹ má gbára lé àwọ̀ wáyà o, báìkì tí rẹwáyà bá ti fọwọ́ kàn rí, wáyà dúdú lè jẹ́ pọ́sítíìfù, èyí tó bá wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń lò. Nẹ́gẹ́tíìfù ni mo kọ́kọ́ tú, torí òun ni wọ́n so mọ́ gbogbo irin ara báìkì, tí sípánà bá wà lórí pọ́sítíìfù tó lọ kan férémù nígbà tí nẹ́gẹ́tíìfù ṣì wà lójú ẹ̀, ẹ máa rí iná. Mo fi omi gbígbóná fọ nǹkan aláwọ̀ ewé tó hù sẹ́nu ẹ̀, mo fi sáńpéèpà há a, mo nù ún gbẹ. Òrùka pupa mọ́ pọ́sítíìfù lákọ̀ọ́kọ́, dúdú mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù kẹ́yìn. Fíùsì wà lára wáyà pupa yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e dànù, tí wáyà bá bó kan irin òun ló máa jóná dípò báìkì. Mo wá fa orí wáyà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, ó jìnnà sí sàlẹ́ńsà.

Ṣájà ò jáde síta o, ojú wíńdò pálọ̀ ló wà, wáyà 12V nìkan ló gba wíńdò dé abẹ́ àtẹ̀gùn. Mi ò lè na ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n 240V sínú òjò kí ọmọ ọlọ́mọ lọ tẹ̀ ẹ́. Mo fi orí kan orí tán kí n tó ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí mo bá fẹ́ yọ ọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ń pa. Bátìrì tó ń gba ṣájì tún máa ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde, ni mo bá bẹ bàbá tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ pé "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mu sìgá yín lọ́hùn-ún díẹ̀." Wọ́n ní "Ṣé ikọ́ ń ṣe máṣíìnì ẹ ni?"

Iná pupa tàn lára ṣájà, NEPA lọ, ó dé, ṣájà ń bá tiẹ̀ lọ, nígbà tó yá ó di àwọ̀ ewé. Mo yọ ọ́, mo jẹ́ kó sinmi fún wákàtí mélòó kan, mo wọ̀n ọ́n, 12.7. Mo sitáàtì ẹ̀, mo fún un níná díẹ̀, mítà gòkè dé 14.1, ìyẹn ni pé báìkì fúnra ẹ̀ ń ṣájì bátìrì tó bá ń rìn, ká ní kò kọjá 13 ni, rẹwáyà ni ǹ bá wá lọ.

Mítà káàdì kan la jọ ń lò nílé, ìyá tó ń gbé òkè ti wá ń béèrè pé èló ni ti báìkì nínú owó iná. Mo ṣírò ẹ̀ fún wọn, 1A ní nǹkan bí 14V, kò lè ju wáàtì ogún lọ, fáànù wọn ń jẹ jù ú lọ dáadáa. Wọ́n ní àwọn gbọ́, kí n ṣáà fi 200 náírà kún tèmi.