Lílọ̀ kì í pa gbogbo kòkòrò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ìtọ́jú ìyẹ̀fun àgbàdo

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí kòkòrò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ihò sí yangan lára, ọ̀pọ̀ ilé á sáré gbé e lọ sí ẹ̀rọ, pé bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́, wàhálà parí. Kò parí o. Kòkòrò mìíràn ló kàn.

Kòkòrò àkọ́kọ́, èyí tó ní ẹnu gígùn, tó ń dá yangan lu, inú hóró ló ń yé sí. Á gbẹ́ ihò kékeré, á yé ẹyin kan sí i, á fi ohun kan bí àtè dí i, ojú kò ní rí i. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 ni ọmọ rẹ̀ fi ń jẹ inú hóró kó tó já síta. Ẹ̀rọ a máa fọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tó bá sì yè kò lè bímọ sínú ìyẹ̀fun tó kúnná. Àǹfààní lílọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n kòkòrò pupa kékeré kan wà, mílímítà 3 sí 4 ni gígùn rẹ̀. Odidi hóró tó gbẹ dáadáa le jù fún un. Ìyẹ̀fun àti àgbàdo fífọ́ ló ń wá. Nínú ooru ilẹ̀ wa, bí oṣù kan ni ẹyin rẹ̀ fi ń di àgbà, àgbà náà sì lè lò ju ọdún kan lọ. Bí wọ́n bá pọ̀, ìyẹ̀fun á pọ́n, á máa rùn, túwó rẹ̀ kò sì ní ṣeé jẹ.

Nítorí náà, ẹ má lọ odidi àpò kan kẹ́ ẹ wá máa bù ú jẹ fún oṣù 3. Hóró ni kẹ́ ẹ tọ́jú. Ẹ lọ ìwọ̀n tí ilé máa jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Kẹ́ ẹ tó di hóró náà sí àpò, ẹ fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì ṣa èyí tó fọ́ kúrò fún adìẹ, torí ibẹ̀ ni kòkòrò pupa ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgbàdo oṣù Keje àti Ẹ̀kẹjọ, tí òjò ń pa lóko, ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Ẹ da díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ, ẹ tún un sá.

Nídìí ẹ̀rọ, ìyẹ̀fun ẹni tó lọ àgbàdo ṣáájú yín ló ń kọ́kọ́ jáde, tòun ti ẹyin kòkòrò bó bá wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbá inú ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì ya èyí tó kọ́kọ́ jáde sọ́tọ̀. Ìyẹ̀fun gbígbóná tí a dì pa sínú ọ̀rá á làágùn, á dì, á sì bu. Ẹ tẹ́ ẹ tinrin kó tutù, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ má sì jẹ́ kó sun ìta. Àgbàdo yíyan fún àádùn náà rí bẹ́ẹ̀: iná agbada ń pa ẹyin, ṣùgbọ́n kò dí òmíràn lọ́wọ́ láti wọlé lẹ́yìn tó bá tutù.

 

Ẹ má da ìyẹ̀fun tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ nínú ike. Ẹ má fọ́n DDVP, oògùn olómi tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, sí i rárá. Májèlé ni, asẹ́ kò lè yọ ọ́. Asẹ́ tí ẹ bá fi sẹ́ ìyẹ̀fun tí kòkòrò ti wọ̀ á mú àgbà kòkòrò, ṣùgbọ́n ẹyin á gba ojú rẹ̀ kọjá. Bí ìyẹ̀fun náà kò bá tíì rùn, ẹ sè é láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó bá ti pọ́n, ẹ dà á nù, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni.