Omi gbígbóná lára fèrèsé: ohun tí mo fi owó ara mi kọ́ ní Kent

Iṣẹ́ fèrèsé fífọ̀ ni mo ń ṣe. Ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná ni mo kọ́kọ́ rà, asẹ́ omi ni mo rà kẹ́yìn. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn, òun ló sì mú mi jókòó kọ èyí.

Ìgbà òtútù kejì tí mo lò nídìí iṣẹ́ náà ní ìhà Dartford, ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni. Ọ̀pá gígùn tí búrọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀ la fi ń fọ̀ ọ́: omi ń gba inú rọ́bà jáde lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, a kì í nù ún, ńṣe la ń jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ mi ti là, rọ́bà omi ti gan bí igi, mo wá gbọ́ pé omi gbígbóná ni àwọn kan fi ń ṣiṣẹ́. Mo ra ẹ̀rọ àlòkù kan, mo so ó mọ́ táǹkì tí mo máa ń pọn omi ẹ̀rọ lásán sí, mo sì gba ilé ìyá àgbà kan lọ. Fèrèsé mẹ́rìndínlógún. Ó ń gbẹ kíákíá bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́, inú mi ń dùn, mo ń kọrin. Àfi ìgbà tí oòrùn yọ. Gbogbo gíláàsì ti kún fún tótòtó funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun wọ́n ọn. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, “Ṣé o ti parí?” Ó dùn mí ju èébú lọ.

Àfiwé ẹfun tí mo ṣe yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Abẹ́ ilẹ̀ Kent, ẹfun ló pọ̀ níbẹ̀, inú rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú omi tí a ń mu níhìn-ín ti ń jáde. Ó ń gbé èròjà ilẹ̀ náà bọ̀, irú èyí tó ń dì mọ́ ìdí kẹ́tù tí ẹ fi ń se omi. Bí omi bá gbẹ lórí gíláàsì, omi lọ, èròjà jókòó. Omi gbígbóná sì tún yára gbẹ ju tútù lọ, nítorí náà ńṣe ni iná tí mo fi kún un jẹ́ kí àbàwọ́n náà tètè lẹ̀. Ìyá mi ní Ìbàdàn kò mọ kẹ́míkà kankan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé omi òjò máa ń jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa, àti pé kànga kan wà ládùúgbò wa tí ẹ máa fi ọṣẹ ra aṣọ títí ọwọ́ á fi ro yín kó tó hó. Ohun kan náà ni.

Omi la ó kọ́kọ́ wò, kí a tó sọ̀rọ̀ iná.

Ẹ ra TDS mítà. Kò tóbi ju bírò lọ. Ẹ tì í bọ omi, yóò sọ iye èròjà tó ti yọ́ sínú rẹ̀ fún yín. Nílé mi, 340 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Manchester, tí omi tirẹ̀ ń ti adágún Thirlmere àti Haweswater wá, kì í rí 60. Ìgò resin kan ṣoṣo, ìyẹn wóró kéékèèké tó ń fa èròjà kúrò nínú omi, ló ń lò, ó sì ń pẹ́ fún un. Bí èmi bá fi resin nìkan ṣe é níbí, kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi kú, owó resin á sì jẹ èrè mi tán. Ìdí nìyí tí ẹ̀yin tó wà ní ìlú omi líle, omi tó kún fún èròjà bẹ́ẹ̀, fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba omi kọjá nínú reverse osmosis, tí a ń pè ní RO, asẹ́ tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ kan kọjá kí èròjà lè ṣẹ́kù sẹ́yìn: asẹ́ ìdọ̀tí ló ṣáájú, asẹ́ eléèédú tẹ̀ lé e, nítorí chlorine inú omi ìlú máa ń ba awọ inú RO jẹ́, lẹ́yìn náà awọ RO fúnra rẹ̀, kí resin wá gbá ìyókù. Ohun tí a ń wá ni 000 lójú mítà. Bó bá ti kọjá 010, mo ń pààrọ̀ resin, n kò bá a dúnàádúrà.

RO kì í ya omi mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Níbi tèmi, lítà kan tó mọ́, lítà kan mìíràn ni ó dà nù, nígbà mìíràn ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì kórìíra òtútù. Iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó lè sẹ́ lóòjọ́, omi tó wà ní 25 °C ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kìíní, tí omi ẹ̀rọ bá tutù bí yìnyín, bí ìdajì iye yẹn ni ẹ óò rí. Ẹ tètè ṣí i lálẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ níbí pé, “Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká kúkú fi omi gbígbóná ilé bọ́ ọ.” Ẹ má dán an wò! Ọ̀pọ̀ awọ RO kò gbà ju 45 °C lọ, ooru ń ba resin náà jẹ́. Ẹ sẹ́ omi ní tútù, kí ẹ tó fi iná kàn án.

Ẹ̀rọ wo wá ni kí ẹ rà? Ọ̀nà tó rọrùn jù ni irin oníná mànàmáná tí a ń rì sínú táǹkì, tí ẹ óò so mọ́ iná ilé láti òru mọ́jú. Tí ẹ bá ní lítà 400 tó wà ní 10 °C, tí ẹ sì fẹ́ kó dé 40 °C, bíi yúníìtì 14 ni yóò jẹ. Irin tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 3 yóò lò tó wákàtí márùn-ún. Ẹ fi aṣọ amóoru bo táǹkì náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ ń mú afẹ́fẹ́ òpópónà gbóná nìyẹn. Ẹ sì rí i dájú pé omi bo irin náà mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tan án. Èyí dára fún ẹni tó ń fọ ilé mẹ́fà, méje lóòjọ́, tó sì máa padà sílé ní ọ̀sán.

Ẹ̀rọ oní-dísù ni èmi ń lò báyìí, irú èyí tí wọ́n ṣe láti mú omi rédíétọ̀ ọkọ̀ gbóná. Omi tí ẹ ti sẹ́ kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Omi rédíétọ̀ ló ń yí nínú rẹ̀, tí yóò wá fi ooru rẹ̀ lé omi yín lọ́wọ́ nínú àwo onírin kan, láì fara kan ara wọn. Kí àwo náà jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Omi tí kò ní nǹkan kan nínú ń wá nǹkan tí yóò kó, bàbà àti idẹ sì ni ó kọ́kọ́ máa ń jẹ. Ẹ lè rí 000 lẹ́nu táǹkì kí ẹ sì rí 008 lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, ẹ ò ní mọ ibi tó ti wọlé. Nítorí náà ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń wọn omi mi, kì í ṣe inú táǹkì.

Agbára ẹ̀rọ mi jẹ́ kílówáàtì 5, ó sì ń mu ju ìdajì lítà dísù lọ díẹ̀ ní wákàtí kan. Tí mo bá jẹ́ kí lítà 2 máa jáde ní ìṣẹ́jú kan, ó lè fi nǹkan bí 35 °C kún omi. Tí mo bá ṣí i sí lítà 4, ìdajì ooru yẹn ni mo máa rí. Ọ̀pọ̀ ló ń kígbe pé ẹ̀rọ àwọn ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ omi ni wọ́n ṣí jù. Ẹ dín omi kù kí ẹ tó bínú sí ẹ̀rọ. Pọ́ǹpù ni kó ṣáájú ẹ̀rọ náà, kó máa ti omi tútù sínú rẹ̀, nítorí rọ́bà inú pọ́ǹpù kì í fẹ́ ooru. Ti gáàsì náà wà, n kò lò ó rí, n kò sì ní máa kọ́ yín ní ohun tí n kò ṣe.

Èéfín ẹ̀rọ dísù gbọ́dọ̀ jáde síta ọkọ̀ pátápátá. Gáàsì olóró carbon monoxide lè wà nínú rẹ̀, òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ẹbí mọ́jú nílé wa, kò ní òórùn, kì í kan ilẹ̀kùn. Mo ní aláàámù rẹ̀ méjì nínú ọkọ̀ mi, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Ìyàwó mi ní méjì ti pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lítà kan, kílò kan. Táǹkì lítà 400 tó kún, kílò 400 ló wà lẹ́yìn yín bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n fi bolt dè mọ́ egungun ọkọ̀, kí ẹ sì wo iye ẹrù tí òfin gba ọkọ̀ yín láyè láti gbé.

Báwo ló ṣe yẹ kó gbóná tó? Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, bí a ṣe ń tọ́ omi ìwẹ̀ ọmọ wò. Tí kò bá ṣeé fi wẹ ọmọ, ó gbóná jù fún gíláàsì tó tutù. Lẹ́nu ẹ̀rọ, èmi máa ń jẹ́ kó jáde ní 50 °C, nítorí yóò tutù kó tó dé búrọ́ọ̀ṣì. Omi gbígbóná kì í pẹ́ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ nínú rọ́bà gígùn: kó tó gba mítà 60 rọ́bà kọjá lórí ilẹ̀ tútù, kó tún gun ọ̀pá, ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Rọ́bà olówó pọ́ọ́kú máa ń rọ̀ bí ó bá gbóná, á ká, á sì dí omi. Ẹ ra èyí tó nípọn.

Ní òwúrọ̀ kan tí yìnyín wínníwínní bo gbogbo nǹkan, mo da omi gbígbóná tààrà sórí fèrèsé ilé àtijọ́ kan, irú èyí tó jẹ́ gíláàsì kéékèèké tí wọ́n fi òjé so pọ̀. Mo gbọ́ “pá”. Ọ̀kan là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo san owó rẹ̀, ó ju owó tí mo máa gbà nílé náà lọ́dún kan lọ. Láti ìgbà náà, mo ń yí ká ilé kí n tó ṣí omi: ṣé fèrèsé kan ṣí, ṣé gíláàsì kan ti sán tẹ́lẹ̀, ṣé ìkùukùu wà láàárín gíláàsì onípele méjì (ìyẹn kò ní fọ̀, ẹ sọ fún onílé kó tó sọ fún yín). Ilé olójé àti gíláàsì tó ti sán, omi tútù ni mo fi ń fọ̀ wọ́n. Bí yìnyín bá wà lára fèrèsé yòókù, férémù ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí gíláàsì tó mọ̀ pé mo dé.

Fífọ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Òkè férémù lẹ kọ́kọ́ ń fọ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tẹ̀ lé e, gíláàsì, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ fèrèsé. Lẹ́yìn èyí ẹ ṣan án láti òkè wá sílẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ sí i. Níbi tí ooru ti ń gba owó rẹ̀ padà ni ìgbẹ́ ẹyẹ, àmì dúdúdúdú tí aláǹtakùn ń yà sára férémù oníke funfun, àti fèrèsé ẹ̀yìn ilé oúnjẹ tí fáànù ìdáná ń tu ọ̀rá lé lórí. Ẹ rin ín, ẹ lọ fọ fèrèsé kejì, kí ẹ tó padà wá gbo ó. Èyí tí mo máa ń gbo lẹ́ẹ̀mẹwàá pẹ̀lú omi tútù, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń tó báyìí. Lára gíláàsì tí ẹ ti ń fọ̀ lóṣooṣù, tí kò dọ̀tí ju eruku lọ, kí n má parọ́, omi tútù tó mọ́ àti omi gbígbóná tó mọ́ kò yàtọ̀. Ọwọ́ tèmi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Tí férémù onírin bá ti gbó, ẹ fi ìka pa á wò. Bí lẹ́búlẹ́bú funfun bá yọ sí ìka yín, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, yóò ṣàn wá sórí gíláàsì bí omi ògì. Ẹ wo òkè náà: ọ̀pá tí wọ́n fi carbon fibre ṣe ń gbé iná mànàmáná, wáyà iná kò sì mọ̀ pé ẹ̀ ń wá owó ilé. Nítorí a kì í gun àkàbà mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, láti ìgbà òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2005 lórí iṣẹ́ ibi gíga, àwọn kan rò pé kò sí ewu kankan mọ́ nínú iṣẹ́ yìí.

Omi tó bá ṣàn sílẹ̀ ní ọjọ́ òtútù yóò di yìnyín lójú ọ̀nà ẹni ẹlẹ́ni. Mo ní àpò iyọ̀ kan nínú ọkọ̀ mi, mo ń fọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà kí n tó kan ilẹ̀kùn gbowó.

Nírọ̀lẹ́, ẹ má fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sílẹ̀ nínú táǹkì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kòkòrò legionella, tó ń kó àrùn bá ẹ̀dọ̀fóró, fẹ́ràn omi tó wà láàárín 20 sí 45 °C, omi tí a ti sẹ́ kò sì ní chlorine tí yóò dá a dúró. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń tú táǹkì mi gbẹ. Mo ń fẹ́ omi jáde nínú rọ́bà, mo ń gbé búrọ́ọ̀ṣì wọlé, mo sì ń rí i pé RO wà níbi tí yìnyín kò lè dé, nítorí tí omi bá dì nínú awọ rẹ̀, ó tán nìyẹn.

Ní ti ìyá àgbà yẹn, mo padà lọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú omi tó kọ 000, tútù nini, mo tún fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún fọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dúró nínú ilé, ó ń wò mí láti inú gíláàsì kan sí òmíràn títí mo fi ṣe tán, ó wá gbé tíì jáde. Kò bi mí bóyá mo ti parí.