Tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́pàá ní Harris County: bí a ṣe ń wá àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà, tí a sì ń fèsì kí ọjọ́ tó kọjá

Ẹ má tíì san owó kankan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa ń bá ọmọ Yorùbá tó ń wakọ̀ ní Houston àti agbègbè rẹ̀ sọ nìyẹn, bí ọlọ́pàá bá ti já tíkẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́. Àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kóòtù sùn sílé wọn mọ́jú. Wọ́n á mú fóònù, wọ́n á fi káàdì san án lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n á ní ó ti tán. Kò tíì tán o. Lábẹ́ òfin Texas, ẹni tó bá san owó ìtanràn ti gbà kí kóòtù dá òun lẹ́bi nìyẹn. Ẹ̀bi náà á wọ àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ rẹ̀, àwọn oní-inṣọ́ránsì á rí i, àǹfààní kíláàsì ìwakọ̀ tó yẹ kó fi pa ẹjọ́ náà rẹ́ á sì ti bọ́.

Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé náà lójú títì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìlérí pé ẹ máa dá kóòtù lóhùn lẹ fọwọ́ sí, ẹ kò gbà pé ẹ jẹ̀bi. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì nínú ilé. Ẹ má fi ojúlówó rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, torí oòrùn Texas máa ń pa lẹ́tà orí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Kóòtù wo ló ni ẹjọ́ náà?

Ibí yìí ni mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó kó sí wàhálà, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ wo ẹni tó kọ tíkẹ́ẹ̀tì náà. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ìlú Houston, kóòtù ìlú ló ni ín, Houston Municipal Court, ẹ kò sì ní rí i nínú àkọsílẹ̀ County rárá. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ Sheriff, Constable, tàbí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní trooper, ọ̀dọ̀ Justice of the Peace, ìyẹn kóòtù kékeré ti County, ló máa lọ. Àwọn ìlú kéékèèké bíi Bellaire náà ní kóòtù tiwọn.

Àdírẹ́sì kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tí lẹ́tà wọn ń jẹ́ "Houston, TX" ni kò sí nínú ìlú Houston rárá, pàápàá lápá Katy àti Cypress. Bí ẹ bá sì ń bá Highway 6 lọ sí ìhà gúúsù, ẹ lè ti wọ Fort Bend County láìmọ̀. Fort Bend ní Justice of the Peace tirẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sì pa pọ̀ mọ́ ti Harris.

Ní Harris County fúnra rẹ̀, Justice of the Peace 16 ló wà: wọ́n pín County sí Precinct mẹ́jọ, kóòtù méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Place 1 àti Place 2. Precinct 5 Place 1 kọ́ ni Precinct 5 Place 2; adájọ́ wọn yàtọ̀, akọ̀wé wọn yàtọ̀. Ẹ ka nọ́ńbà méjèèjì, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò kà á ni pé wọ́n á lọ sí kóòtù ìlú, akọ̀wé á wá orúkọ wọn tì, á ní kò sí ẹjọ́ kankan. Inú wọn á dùn, wọ́n á rò pé ọlọ́pàá náà ti ṣàánú àwọn. Ẹjọ́ náà wà ní Precinct kan, ọjọ́ ń lọ. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé "kò sí", ẹ béèrè kóòtù tó yẹ kó wà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Wíwá àkọsílẹ̀ náà

Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì àwọn Justice of the Peace Harris County ni jp.hctx.net. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì náà, ẹ má gba orí Google lọ, torí àwọn oníṣòwò tó ń ta "àkọsílẹ̀ kóòtù" máa ń sanwó kí tiwọn lè hàn lókè, wọ́n á sì gba káàdì yín nítorí ohun tí County ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọ fóònù yín pé ẹ jẹ gbèsè tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ ibì kan láti san án, ẹ pa á rẹ́. Fóònù tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé jáde, kó lọ sí láíbìrì ìjọba.

Nọ́ńbà ni kí ẹ fi wá a, ẹ má fi orúkọ. Ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà orí tíkẹ́ẹ̀tì wá a, bí kò bá jáde, ẹ fi nọ́ńbà láísẹ́ǹsì. Orúkọ wa kì í wọ ẹ̀rọ wọn dáadáa. Olúwadámiláre á di Oluwadami, orúkọ àárín á di orúkọ ìdílé, orúkọ méjì tí ẹ fi àmì so pọ̀ á di ọ̀kan ṣoṣo. Bí orúkọ nìkan lẹ bá ní, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lórí láísẹ́ǹsì, kì í ṣe bó ṣe wà lórí páásípọ́ọ̀tù, kí ẹ wá fi ọjọ́ ìbí yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ kò bá rí i, ó lè jẹ́ pé wọn ò tíì kó o wọlé. Ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdáhùn tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kò dúró de ẹ̀rọ. Bó bá ń sún mọ́lé tí àkọsílẹ̀ kò tíì jáde, ẹ pe akọ̀wé kóòtù náà, kí ẹ sì kọ ìdáhùn yín ránṣẹ́.

Èsì wo lẹ máa fún wọn?

Àwọn ẹ̀sùn kan wà tí títún nǹkan ṣe fi ń parí. Bó bá jẹ́ inṣọ́ránsì, tí ẹ sì ní in lọ́jọ́ tí wọ́n dá yín dúró, ẹ mú ẹ̀rí lọ, wọ́n á fagi lé e. Bó bá jẹ́ láísẹ́ǹsì tàbí ìwé ọkọ̀ tó ti kú, tí ẹ bá sọ ọ́ di tuntun láàárín ogúnjọ́ iṣẹ́, kóòtù lè fagi lé e, owó tí wọ́n máa gbà kò sì gbọdọ̀ ju $20 lọ.

Fún eré àsápajúdé àti irú rẹ̀, kíláàsì ìwakọ̀ ni mo máa ń fẹ́, torí ẹ̀tọ́ ni fún ẹni tó bá yẹ, kì í ṣe ojú rere adájọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì Texas àti inṣọ́ránsì, kí ẹ má sì tíì fi irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ pa tíkẹ́ẹ̀tì rẹ́ ní oṣù 12 tó ṣáájú. Ẹni tó fi máìlì 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá ìwọ̀n eré, tàbí tó sá 95 sókè, kò yẹ fún un. Ẹ béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ "no contest" (ìyẹn ni pé ẹ kò jiyàn ẹ̀sùn náà, ẹ kò sì sọ pé ẹ jẹ̀bi), kó má kọjá ọjọ́ ìdáhùn. Ọjọ́ 90 ni wọ́n á fún yín. Kíláàsì náà kò le, wákàtí mẹ́fà ni, ẹ lè ṣe é nílé. Ohun tí àwọn èèyàn ń gbàgbé ni ìwé kejì: àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ Type 3A láti ọ̀dọ̀ DPS, ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì. Ẹni tó fi ìwé ẹ̀rí kíláàsì nìkan ránṣẹ́ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ lọ rà á lọ́dọ̀ DPS fúnra yín, ẹ má gba ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fowó lé e.

Bí ẹ kò bá yẹ fún kíláàsì, ẹ bẹ adájọ́ fún deferred disposition, ìyẹn ni pé kó dá ìdájọ́ dúró ná, kó sì fún yín ní àdéhùn tí ẹ máa pa mọ́. Ó lè tó ọjọ́ 180. Bí ẹ bá pa àdéhùn mọ́, ẹjọ́ náà á wọlẹ̀ láìsí ìdálẹ́bi.

Ẹ̀yin tó ń wa tírélà, ẹ gbọ́ o: ẹni tó ní CDL, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kíláàsì yìí tàbí deferred, kódà bó bá jẹ́ ọkọ̀ ilé ló ń wà lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ "not guilty" (ẹ kò jẹ̀bi), kí ẹ wá lọ́yà. Owó lọ́yà kò tó owó iṣẹ́ tí ẹ lè pàdánù.

Ẹnikẹ́ni tó bá kọ "not guilty" lè bá agbẹjọ́rò ìjọba sọ̀rọ̀ kó tó di ìgbẹ́jọ́, ó sì lè ní kí ìgbìmọ̀ èèyàn mẹ́fà gbọ́ ẹjọ́ òun. Bó bá jẹ́ ìyá tàbí bàbá tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ lẹ́nu wọn ni, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ ṣáájú pé wọ́n nílò ògbufọ̀ Yorùbá. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọn ṣe é.

Bírò dúdú ni kí ẹ fi kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan pa mọ́, kí ẹ fi ìyókù ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì pẹ̀lú certified mail àti káàdì aláwọ̀ ewé tó ń padà wá bá yín. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, ẹ sọ ọ́ fún adájọ́. Ó lè pín in sí díẹ̀díẹ̀ tàbí kó fún yín ní iṣẹ́ ìlú ṣe.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá ńkọ́, tí warrant, ìwé àṣẹ láti mú yín, ti jáde? Ẹ lọ fúnra yín kí wọ́n tó mú yín. Òfin Texas ní kí adájọ́ fagi lé warrant ẹni tó kọ ọjọ́ kóòtù sílẹ̀, bó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá tó sì fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà tọkàntọkàn.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ padà sí jp.hctx.net, kí ẹ rí i pẹ̀lú ojú yín pé wọ́n ti kọ "dismissed" (wọ́n ti fagi lé ẹjọ́ náà) síbẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé àbájáde tó ní òǹtẹ̀ kóòtù. Ẹni tó máa kọ fọ́ọ̀mù N-400 láti di ọmọ Amẹ́ríkà lè nílò rẹ̀, nítorí fọ́ọ̀mù náà ń béèrè bóyá ọlọ́pàá ti já tíkẹ́ẹ̀tì fún un rí. Àárín ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí.