Ìbọn Mi Ń Há, Màgásíìnì Ló Ń Dá A Há

Owó tí mo san fún ẹni tó bá mi tún ìbọn ìléwọ́ mi ṣe ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó gba owó iṣẹ́, ó ta sípíríǹgì tuntun fún mi, ó fi irin tó ń dán yinrin hàn mí, ó ní wàhálà ti tán. Mo gbé ìbọn dé pápá ìyìnbọn, ọta kejì kọ̀, kò wọlé. Sípíríǹgì tó tà fún mi gan-an tún wà lára ohun tó ń dá kún ìṣòro náà. Màgásíìnì, ìyẹn àpótí irin tí à ń to ọta sí ká tó tì í bọ inú ìbọn, tí kò sí ohun tó rọrùn tó o láti pààrọ̀ lára ìbọn, ni kò fojú kàn rárá.

1911 ni ìbọn mi, irú èyí tí John Browning ṣe, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà wọlé lọ́dún 1911, ibẹ̀ náà ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Irú ọta tí wọ́n ń pè ní .45 ló ń lò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni, ó wúwo lọ́wọ́, ibi tí mo bá kọjú ẹ̀ sí ló ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń tú u, bí wọ́n ṣe ń nù ún, bí wọ́n ṣe ń fi epo sí i, n kò ní fìyẹn gba àkókò yín, ẹni tó bá ní in ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo máa tẹnu mọ́ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ yọ màgásíìnì, kí ẹ fa síláìdì, irin òkè ìbọn tó máa ń sún síwá-sẹ́yìn, sẹ́yìn, kí ẹ fi ojú wo ihò ọta, kí ẹ tún fi ìka kàn án pé ó ṣófo, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ wo bí ọta ṣe ń wọlé nígbà tí ẹ kò sí ní pápá, ọta ìdánwò tí kò ní ètù nínú ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọta gidi.

Bí ọta ṣe ń wọlé nìyí, nítorí ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà yìí, owó ló máa fi wá ojútùú. Tí ìbọn bá dún, síláìdì á sún sẹ́yìn, ìkọ́ tó wà lára rẹ̀ á fa kórófo ọta jáde, sípíríǹgì inú màgásíìnì á sì ti ọta tó kàn sókè títí yóò fi kan abẹ́ ètè màgásíìnì, ìyẹn etí òkè rẹ̀ méjèèjì tó ń di ọta mú. Sípíríǹgì ńlá tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn á wá ti síláìdì padà síwájú. Bó ṣe ń bọ̀ ni yóò gbá ìdí ọta yẹn, imú ọta á gun gẹ̀rẹ́ irin tó wà níwájú ihò, etí ìdí rẹ̀ á yọ́ wọ abẹ́ ìkọ́ láti ìsàlẹ̀, ètè màgásíìnì á jọ̀wọ́ rẹ̀, síláìdì á pa dé. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Eré ìje ni sípíríǹgì méjèèjì ń bára wọn sá: ti màgásíìnì gbọ́dọ̀ gbé ọta dé òkè kí síláìdì tó padà dé ibẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Sípíríǹgì ńlá tí wọ́n máa ń fi sí 1911 tó gùn tó tèmi, tó ń yin ọta .45, agbára rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n pọ́ùn 16. Ó yọ ọ́, ó fi ti pọ́ùn 18.5 rọ́pò rẹ̀, ó ní ọta kò wọlé dáadáa torí pé síláìdì kò lágbára tó láti tì í. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì tó le jù máa ń mú kí síláìdì tètè padà ni. Bí sípíríǹgì màgásíìnì bá ti rẹ̀, tí kò lè tètè gbé ọta sókè mọ́, ẹ ti wá dín àkókò tó ní kù. Ìbọn tó ń há lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wá ń há lemọ́lemọ́.

Gẹ̀rẹ́ irin ló tún lọ dán. Orí ló yọ ìbọn náà pé dídán nìkan ló dán an. Nínú 1911, apá kan gẹ̀rẹ́ yìí wà lára ara ìbọn, apá kejì wà lára ọ̀pá ìbọn, àlàfo tóóró kan sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, bíi ìdá kan nínú 32 ínṣì. Ẹni tó bá fi fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin mú àlàfo yẹn kúrò torí kó lè dán délẹ̀, tàbí tó yí bí gẹ̀rẹ́ ṣe dà padà, ti ba ìbọn ẹni jẹ́ nìyẹn. Ọ̀pá ṣeé rà, ṣùgbọ́n irin tí a bá ti rẹ́ kúrò lára ìbọn fúnra rẹ̀ kì í padà.

Èyí tó bí mi nínú jù ni bó ṣe dán an wò. Nígbà tí mo gbé ìbọn lọ, ó ní kí n mú àwọn màgásíìnì mi lọ sílé, ìbọn nìkan ló nílò. Màgásíìnì tirẹ̀ ló fi yìn ín, màgásíìnì tó dára, ó sì dún láìsí ìdíwọ́ kankan. Ó wá fi ìdánilójú gba owó. Nígbà tí mo padà tọ̀ ọ́ lọ pé ó ṣì ń há, ó ní ọwọ́ mi ló rọ̀.

N kò ní fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ rírọ̀ sẹ́yìn, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Bí ẹni tó dì í mú bá jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ rọ̀, gbogbo ìbọn á bá síláìdì sún sẹ́yìn, síláìdì kò sì ní lọ dé ibi tó yẹ kó dé kó tó padà. Ṣùgbọ́n èyí rọrùn láti yẹ̀ wò: ẹ gbé ìbọn fún ẹlòmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ le, tó ti ń yìnbọn tipẹ́. Mo gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó máa ń wá sí pápá wa. Ó há mọ́ bàbá náà lọ́wọ́ bó ṣe ń há mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tán síbẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ọta ń há sí dípò kí n kàn máa fà á jáde pẹ̀lú ìbínú. Bí imú ọta bá rì sísàlẹ̀, tó kọlu gẹ̀rẹ́ irin tí kò gòkè, ẹ fura sí sípíríǹgì màgásíìnì. Bí imú bá nà sókè jù, tó ń wo òkè ihò, ó ṣeé ṣe kí ètè màgásíìnì ti là, kó máa tú ọta sílẹ̀ ṣáájú àsìkò. Bí ọta bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán tí síláìdì kò kàn pa dé, tó ku bíńtín, ẹ wo ìkọ́ bóyá ó le jù, ẹ wo ẹ̀gbin inú ihò, ẹ wo sípíríǹgì ńlá bóyá ó ti rọ̀.

Ibí ni mo dúró sí fún ìgbà pípẹ́, torí pé ìbọn mi ń ṣe oríṣi méjì àkọ́kọ́. Lónìí imú ọta á rì, lọ́la á nà sókè, lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀ ìbọn náà á dún bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é rí. Ọta tó kẹ́yìn nínú màgásíìnì náà tún máa ń fò jáde kó lọ dábùú. Mo pààrọ̀ irú ọta, kò yí padà. Mo nu ihò ọta títí ó fi ń tàn, kò yí padà. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí n rà. Ó sú mi dé ibi pé mo gbé ìbọn náà tì, mo sì ń ronú àtità rẹ̀.

Ohun tó tú àṣírí náà ni ọ̀dà díẹ̀. Àwọn màgásíìnì mi jọra bí ìbejì, inú àpò kan náà ni wọ́n ń gbé, èyí tọ́wọ́ bá kàn ni mò ń tì bọ̀ ọ́. Mo fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré: nọ́ńbà wo ló wà nínú ìbọn, ọta kẹlòó ló há, ibo ni imú rẹ̀ kọjú sí. Ọjọ́ kan péré ni mo ṣe é tí gbogbo rẹ̀ fi hàn gbangba. Kì í ṣe àìsàn kan ló ń ṣe ìbọn mi. Màgásíìnì kọ̀ọ̀kan ló ní àìsàn tirẹ̀!

Nọ́ńbà 1 ló ń jẹ́ kí imú ọta rì. Mo tú ìdí rẹ̀, mo fa sípíríǹgì rẹ̀ jáde, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun tí mo rà: ti àtijọ́ kúrú sí i, ó sì rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò. Mo fi tuntun sí i, ó tán. Nọ́ńbà 2, ètè rẹ̀ ti là. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n kálípà, irin tí wọ́n fi ń wọn ìbú nǹkan kékeré, rí i nígbà tí mo fi wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ èyí tó dára, pàápàá níwájú. Àwọn kan á ní kí ẹ fi píláyà tẹ̀ ẹ́ padà. Èmi ò ṣe é, torí irin tó ti là lẹ́ẹ̀kan á tún là. Mo fi òòlù pa á mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa he é lò. Nọ́ńbà 3 ló ń jẹ́ kí ọta ìkẹyìn fò jáde. Pèpéle tí ọta ń jókòó lé nínú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti àtètèkọ́ṣe ní kókó kékeré lórí tó máa ń di ọta tó kẹ́yìn mú kó má sún síwájú nígbà tí ìbọn bá ta. Mo pààrọ̀ pèpéle náà, mo sì dá sípíríǹgì pọ́ùn 16 padà sí ìbọn.

Láti ìgbà náà, ó ń dún bó ṣe yẹ. Ọta orí roboto, tí ìwọ̀n orí rẹ̀ jẹ́ gíréènì 230, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe ìbọn náà, kò há mọ́. Àwọn ọta tí orí wọn ní ihò náà ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbẹ́kẹ̀ lé irú kan nínú wọn títí màgásíìnì tí mo fẹ́ lò ó pẹ̀lú yóò fi yìn ín dáadáa. Inú mi dùn gidigidi pé ọwọ́ ara mi ni mo fi rí i.

Ìkọ́ náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò níkẹyìn: mo bọ́ síláìdì, mo ti ọta ìdánwò sábẹ́ ìkọ́ náà, mo mì ín díẹ̀, ó dì í mú láì jábọ́. Ẹ má ṣe máa fọwọ́ ju ọta sínú ihò 1911 kí ẹ wá jẹ́ kí síláìdì gbá a pa. Abẹ́ ìkọ́ ló yẹ kí ọta gbà wọlé láti inú màgásíìnì. Bí ẹ bá ń fipá mú ìkọ́ fo etí ọta kọjá, yóò rọ̀ tàbí kó ṣẹ́.

Bí ẹ bá máa gbé ìbọn tó ń há fún ẹnikẹ́ni ṣe, ẹ kó gbogbo màgásíìnì yín lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà lára wọn, pẹ̀lú ọta tí ẹ ń lò. Ẹni tó bá ní òun kò nílò wọn, ẹ gbé ìbọn yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú sípíríǹgì pọ́ùn 18.5 padà lọ fún ọkùnrin náà pẹ̀lú ìwé tí mo kọ nọ́ńbà sí. Ó ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, ó ní òun kì í gba ohun tí òun ti tà padà, kò sì dá kọ́bọ̀ kan padà fún mi nínú owó iṣẹ́.